Ẹ́ńjìnnì Kò Gbó Jù, Ọ́ìlì Tí Wọ́n Ń Rọ Sí I Ló Ń Pa Á

Ní ọ̀pọ̀ èbúté, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, láti Bàdágírì títí dé Igbókòdá, gbólóhùn kan ló máa ń parí ọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ọkọ̀ ojú omi bá kú sí àárín ọ̀sà: "Ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbó jù." Gbólóhùn náà tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ó tẹ́ ọlọ́kọ̀ lọ́rùn, nítorí kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ohun tó ń rọ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó tẹ́ mẹkáníìkì lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ mìíràn ti dé. Ó tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn pẹ̀lú, nítorí kò sí òfin tó ń fi ẹ̀sùn ọjọ́ ogbó kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwáwí ni. Irin kì í kú nítorí ọjọ́ orí bí ènìyàn. Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ ló ń pa á. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní arúgbó, májèlé ni wọ́n fún un jẹ, díẹ̀díẹ̀, láti inú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25.

Àwọn ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Àwọn ni Yamaha alágbára ẹṣin 40 àti 75, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ onígi àti ọkọ̀ fáíbà lórí ọ̀sà Èkó, ní ẹsẹ̀ odò Ìlàjẹ, àti lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin. Irú two-stroke ni wọ́n. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn nítorí pé ẹ̀yà ara wọn kò pọ̀, wọ́n fúyẹ́, mẹkáníìkì etí omi sì lè tú wọn palẹ̀ kí ó sì tún wọn tò láìlo kọ̀ǹpútà kankan. Bí ẹni tó ni wọ́n bá tọ́jú wọn, wọn a máa pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú wọn. Nínú mọ́tò, ọ́ìlì ní àyè tirẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ló ti ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, kò sì yẹ kí ó jóná. Nínú two-stroke, ọ́ìlì àti epo bẹntiróòlù jọ ń rìn ni. Ẹni tó bá ti po ọ́ìlì mọ́ epo rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà sọ ní "I better pass my neighbour" ti mọ ìlànà náà. Ọ́ìlì náà á fara kan bíárìn, á fara kan písítìn àti ògiri sílíńdà, lẹ́yìn náà á wọ inú iná, á jó, èéfín rẹ̀ á sì jáde sínú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kọjá. Ní ìwọ̀nba àkókò tó fi ń kọjá yẹn, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: kí ó dáàbò bo irin, kí ó sì jó tán láìfi eérú sílẹ̀. Ọ́ìlì tí kò bá lè ṣe méjèèjì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Orí kókó yìí ló yẹ kí gbogbo àríyànjiyàn etí omi ti máa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iye owó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń parí.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ fún ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ni ọ́ìlì mọ́tò, irú èyí tí wọ́n kọ 20W-50 sí lára. Ọ́ìlì gidi ni, nínú mọ́tò. Àwọn tó ṣe é fi èròjà onírin bíi kálísíọ́ọ̀mù àti síǹkì sí i, kí ó lè máa fọ inú ẹ́ńjìnnì, kí irin má sì tètè jẹ. Bí wọ́n bá wá sun ún nínú two-stroke, èròjà wọ̀nyẹn kì í jó. Eérú ni wọ́n ń dà. Eérú náà á lẹ̀ mọ́ pọ́lọ́ọ̀gì, pọ́lọ́ọ̀gì kò sì ní ṣáná dáadáa mọ́. Á lẹ̀ mọ́ orí písítìn, á máa pọ́n bí ẹ̀yinná, á sì máa dá iná sí epo kí àsìkò tó tó; bí písítìn ṣe ń lu nìyẹn. Á kún ojú ihò tí ríǹgì wà, ríǹgì á há, agbára á sì máa jò lọ láìsí ẹni tó rí i.

Ọ̀tá kejì fara jọ ọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tan àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá jẹ. Ọ́ìlì two-stroke ti alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀ ni. Wọ́n kọ "2T" sí ara ike rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dára, ó sì wà ní gbogbo ìsọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ á ní, "Two-stroke kì í ṣe two-stroke ni?" Rárá, kì í ṣe ọ̀kan náà. Atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì alùpùpù tutù, nítorí náà ara rẹ̀ gbóná gan-an, wọ́n sì po ọ́ìlì rẹ̀ fún ooru bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èròjà tó nílò ooru kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀, omi tútù inú ọ̀sà ló ń fà mu láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ara rẹ̀ tutù ju ti alùpùpù lọ. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún ibi gbígbóná kì í jó tán nínú ibi tútù. Ìdọ̀tí rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Àmì bíi JASO FD tàbí API TC tó wà lára ike ọ́ìlì alùpùpù, òótọ́ ni àwọn àmì náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí fún alùpùpù ni wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀tá kẹta ni ọ̀daràn pátápátá: ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, èyí tí wọ́n tú dànù lára mọ́tò, tí ẹnì kan sẹ́, tí ó rọ sínú ike tó mọ́, tí ó sì lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn. Irin tó jẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dú, omi àti ìdọ̀tí. Ẹni tó bá rọ ọ́ sínú bíárìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó bu yanrìn sẹ́nu tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Ẹni tó ń rà á ní ìlàjì owó, òun náà fura.

Orúkọ ọ́ìlì tó tọ́ kò gùn, kò sì ṣòro láti kà, kódà fún ẹni tí kò ka ìwé púpọ̀: TC-W3. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí two-stroke, W ń tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì tí omi ń mú tutù, nọ́ńbà 3 sì ń sọ pé ìran kẹta ìlànà náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, National Marine Manufacturers Association, ló ń dán ọ́ìlì wò kí wọ́n tó fún un ní àmì náà. Ọ́ìlì TC-W3 kò ní èròjà onírin tó ń di eérú. Ó tètè ń po mọ́ bẹntiróòlù. Ó ní ohun tó ń dènà ìpẹtà, èyí tó ṣe kókó fún ẹ́ńjìnnì tó ń gbé inú afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ yòówù kó ṣe é, bí àmì náà bá jẹ́ òótọ́, ó tó. Ẹni tó ń ní kí tálákà ra kìkì èyí tó wọ́n jù lọ, ọjà ara rẹ̀ ló ń polówó.

Àwọn kan á dìde níbí yìí láti sọ pé ọ́ìlì ìgbàlódé kò bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mu, pé ìwé ìlò tirẹ̀ kò dárúkọ TC-W3 rárá. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé àtijọ́ lè kọ TC-W tàbí TC-WII. Àwọn ìran tó ṣáájú nìyẹn. TC-W3 ló gba ipò wọn, ó sì yẹ fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe nígbà tiwọn. Ohun tó ń yí padà bí ẹ́ńjìnnì bá ti pẹ́ sí kì í ṣe irú ọ́ìlì. Ìwọ̀n ọ́ìlì ni.

Ibi tí àìmọ̀ ti pọ̀ jù sì nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì two-stroke tí wọ́n ṣe láti àwọn ọdún 1970 wá ń lo ìwọ̀n 50 sí 1: lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50, ìyẹn ìlàjì lítà fún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Johnson àti Evinrude tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964 ń béèrè ìwọ̀n 24 sí 1, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní bíárìn oníbọ́ọ̀lù tàbí alábẹ́rẹ́ bíi ti òde òní. Irin lórí irin ni, ọ́ìlì tó pọ̀ ló sì ń yà wọ́n nípá. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ písítìn tàbí ríǹgì rẹ̀ náà nílò àfikún: ìwé ìlò ọ̀pọ̀ Yamaha ní kí wọ́n lo 25 sí 1 fún wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí irin tuntun lè bá ara mu, kí wọ́n tó padà sí 50 sí 1. Nọ́ńbà àti irú ẹ́ńjìnnì wà lára páálí irin kékeré tó wà níbi tí wọ́n ti fi so mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yẹn lè wá ìwọ̀n tó tọ́ rí. Àwọn tó ní ike ọ́ìlì ọ̀tọ̀ tí páńpù ń fà, TC-W3 kan náà ni tiwọn. Iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ni kí ó rí i pé páńpù náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kò sí àyè fún ojú-ìwọ̀n níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣe Johnson àti Evinrude gbìyànjú láti dín ọ́ìlì kù sí 100 sí 1. Wọ́n padà sí 50 sí 1. Bí àwọn tó dá ẹ́ńjìnnì náà kò bá lè dín in kù kí ó gún, báwo ni ẹni tó ń fi ìdérí ìgò wọn ọ́ìlì yóò ṣe rí i ṣe? Àwọn tó ń fi ọ́ìlì kún un láìnídìí kò gbọ́n jù wọ́n lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù nínú kẹ́ẹ̀gì, bẹntiróòlù tó ń gba ihò kabúrétọ̀ kọjá á dín kù, iná á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Pọ́lọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á bo àwọn èrò. Ife tí wọ́n sàmì ìwọ̀n sí ló ń yanjú rẹ̀. Kí wọ́n rọ ọ́ìlì sínú epo díẹ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n mì ín dáadáa, kí wọ́n tó rọ epo tó kù lé e. Ẹni tó bá da ọ́ìlì sórí táńkì tó ti kún, tó sì ṣíná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ́ìlì nìkan lè wà nísàlẹ̀, epo lásán lókè.

Àwáwí tó kù ni owó. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ pé nǹkan le. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ̀mí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kò balẹ̀ mọ́. Kí ọdún 2024 tó parí, lítà bẹntiróòlù kan ti kọjá 900 náírà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í purọ́. Ní 900 náírà, lítà epo 50 jẹ́ 45,000 náírà. Ká ní lítà TC-W3 kan wọ́n tó lítà epo márùn-ún, ìyẹn 4,500 náírà. Ká ní ọ́ìlì burúkú jẹ́ ìlàjì rẹ̀, 2,250. Èrè tí ọlọ́kọ̀ jẹ lórí epo tó rà ní 45,000 kò ju 2,250 lọ: náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọkọ̀ náà bá gbé èrò 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú epo yẹn, 150 náírà ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò tó bẹ́ẹ̀. Iye tí ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ta orí èrò rẹ̀ nìyẹn. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, owó ló pa òun náà.

"Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń lò ó, kò sì sí nǹkan tó ṣe wọ́n." Àwíjàre àwọn tí kò ní àwíjàre mọ́ nìyẹn. Ọ́ìlì burúkú kì í pa ẹ́ńjìnnì lójijì bí ìbọn. Òwúrọ̀ kan, ẹ́ńjìnnì á kọ̀ láti tètè ṣí. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ kò ní sáré mọ́ bó ti máa ń sáré. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, á dára fún ọjọ́ díẹ̀, á tún padà síbẹ̀. Gbogbo àmì wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ó ti gbó" ti di etí gbogbo ènìyàn. Títí di ọjọ́ tí ríǹgì há, tí písítìn sì lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, ní ibi tí mẹkáníìkì kankan kò sí.

Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni, mọ́tò tó kú á dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, inú á bí àwọn èrò, wọ́n á wọ òmíràn. Orí omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ló ń darí ọkọ̀. Bó bá kú, ìdarí ti lọ. Ọkọ̀ á yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn èrò á dìde pa pọ̀ nínú ìbẹ̀rù, ọkọ̀ á sì fì sápá kan. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Àpápá ni, ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkọ̀ mìíràn tó ń sáré bọ̀ lè má rí i. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì dára, dandan sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì tó tọ́ wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́.

Ẹja náà kò gbẹ́yìn nínú ìyà yìí. Ẹ́ńjìnnì two-stroke àtijọ́ oní-kabúrétọ̀ a máa tu nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin epo tó mu sínú omi láìjó. Ohun yòówù tó bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì ló ń bá a lọ. Apẹja tó ń fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù wa ọkọ̀ lọ sídìí àwọ̀n rẹ̀, inú omi tí ó ti ń wá oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ náà ló ń da májèlé sí.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ẹni tó ni ọkọ̀, tó ń retí owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, tí kò sì bèèrè rí irú ọ́ìlì tó rà, òun gan-an ló ní ẹ̀bi jù. Ó fi owó epo àti ọ́ìlì sí apá kan náà pẹ̀lú oúnjẹ awakọ̀, ó wá ń yà á lẹ́nu pé awakọ̀ dín ọ́ìlì kù kí ó lè jẹun. Kí ó yọ owó ọ́ìlì kúrò nínú ìṣirò awakọ̀, kí ó rà á fúnra rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Ó sì kan àwọn aláṣẹ. Àjọ NIWA ti wà láti 1997, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá LASWA sílẹ̀ ní 2008. Iṣẹ́ wọn lórí láìfù jákẹ́ẹ̀tì àti àpọ̀jù èrò yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó bá parí sórí aṣọ tí èrò wọ̀, tí kò dé ìdí ọkọ̀, kò tíì parí. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sí ara ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí olùyẹ̀wò béèrè ike ọ́ìlì tó wà nínú ọkọ̀ bó ti ń béèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ra TC-W3 ní dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n máa fi ife oníwọ̀n tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní èbúté, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Kí àjọ SON, tí ìlànà ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tọpasẹ̀ àwọn tó ń lẹ ìwé tuntun mọ́ ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù títí dé ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé kí ìjọba kúkú fòfin de gbogbo ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kí gbogbo ènìyàn ra four-stroke tuntun. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ebi kò pa ni. Four-stroke náà ní ọ́ìlì tirẹ̀, èyí tó ń jẹ́ FC-W, tí wọn kì í pò mọ́ epo, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ lásìkò. Ọwọ́ tó ń rọ kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù sí two-stroke lónìí yóò rọ ọ́ sí four-stroke lọ́la. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láìpààrọ̀ ìwà, owó ńlá ni wọ́n fi ra òkú tuntun.

Ọ̀rọ̀ tó kù di ti àwọn èrò. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Fálọmọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú ọ́ìlì tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, bó ti ń béèrè iye owó ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá fi ike TC-W3 hàn án, kí ó wọlé, kí ó jókòó. Bó bá rẹ́rìn-ín, tó ní "ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́," kí ó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.